Náílì Kọ́ Ni Odò Bàbá Wa

Mo kọ́kọ́ júbà kí n tó sọ̀rọ̀, nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ yìí lè má dùn mọ́ ọ̀pọ̀ nínú yín. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tí ó kọjá, ọ̀kan nínú wa dìde, ó ní láti Íjíbítì ni àwọn Yorùbá ti wá, pé ní bèbè Odò Náílì ni a ti kọ́ ẹ̀sìn, ọgbọ́n àti ìjọba kí a tó di ẹrù wa wá sí ilẹ̀ yìí. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Àwọn tí ó jókòó lẹ́yìn tilẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Èmi nìkan ni mo káwọ́ lẹ́rán. Ọ̀rẹ́ mi tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi ìgúnpá gún mi ní ìhà, ó ní, "Ìwọ, ṣé inú rẹ kò dùn pé ọmọ Fáráò ni ọ́ ni?" Mo dá a lóhùn pé ọmọ Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ni mí, èyí sì tó mi. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nítorí ẹ̀rín yẹn ni mo ṣe mú gègé.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn. Odò Náílì ni ó sọ àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ di ohun tí wọ́n dà. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé odò náà ń ṣàn lásán tí wọ́n sì di ńlá. Wọ́n mọ odò wọn. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n kọ ìṣe rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì fi ìwọ̀n yanjú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ láàárín ara wọn. Bí a bá fẹ́ gba ohun kan lọ́wọ́ Íjíbítì, ìyẹn ni ó yẹ kí a gbà. Ṣùgbọ́n bàbá ni àwa ń lọ yá lọ́wọ́ wọn, a kò yá ọgbọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilẹ̀ náà bí ó ti rí. Aṣálẹ̀ ni Íjíbítì. Òjò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ níbẹ̀. Bí kò bá sí ti odò kan ṣoṣo yìí, tí ó gùn tó nǹkan bí 6,650 kìlómítà láti àárín gbùngbùn Áfíríkà títí dé òkun, ewúrẹ́ kan kò ní rí koríko jẹ níbẹ̀. Láyé àtijọ́, ní ọdọọdún, òjò ńlá a máa rọ̀ sórí àwọn òkè Etiópíà, àgbàrá rẹ̀ a sì ya wọ inú Náílì. Ní àkókò tí oòrùn ń mú jù lọ ní Íjíbítì gan-an ni odò a kún, a bo oko mọ́lẹ̀. Nígbà tí ó bá sì fà, a fi ẹrẹ̀ dúdú sílẹ̀ lórí ilẹ̀. Inú ẹrẹ̀ yìí ni wọ́n ń gbin ọkà sí. Dúdú ilẹ̀ náà ni wọ́n fi pe orílẹ̀-èdè wọn: Kemet, ilẹ̀ dúdú. Aṣálẹ̀ tí ó yí wọn ká ni Deshret, ilẹ̀ pupa. Àgbẹ̀ tí ó bá dúró sí òpin oko rẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ kan tẹ dúdú, kí ó fi èkejì tẹ pupa.

Odò yìí náà ni ó pín ọdún fún wọn: oṣù mẹ́rin fún ìkún omi, oṣù mẹ́rin fún ìgbìn, oṣù mẹ́rin fún ìkórè. Oṣù méjìlá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́, àti ọjọ́ márùn-ún lé, ni ó di ọjọ́ 365. Àríwá ni omi náà ń ṣàn lọ, láti àríwá sì ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá. Ẹni tí ó bá ń sọ̀kalẹ̀ lọ, omi a gbé e. Ẹni tí ó bá ń gòkè padà, a ta ìgbòkun. Nítorí náà ọba kan lè jókòó sí ojú kan kí àṣẹ rẹ̀ sì dé òpin ilẹ̀. Aṣálẹ̀ ṣe odi fún wọn ní ìlà-oòrùn àti ní ìwọ̀-oòrùn. Àwọn àpáta inú odò ní ìhà Aswan ṣe odi fún wọn ní gúúsù. Kò yà mí lẹ́nu pé Herodotus, ará Gíríkì tí ó kọ̀wé nípa wọn ní ọ̀rúndún karùn-ún kí a tó bí Jésù, pe ilẹ̀ náà ní ẹ̀bùn odò.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn tí a kò mọ̀ ọ́n lò, ẹrù ni. Odò tí ó kún ní àkúnjù a gbé abúlé lọ. Èyí tí kò kún tó a mú ìyàn wá. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n gbẹ́ àtẹ̀gùn sí etí omi ní erékùṣù Elephantine ní ẹ̀bá Aswan, wọ́n fín ìlà ìwọ̀n sí ara òkúta rẹ̀, kí wọ́n lè mọ iye ìgbọ̀nwọ́ tí omi gùn dé. Pliny, ará Róòmù, fi yé wa pé ìgbọ̀nwọ́ 12 túmọ̀ sí ebi, 14 túmọ̀ sí inú dídùn, 16 sì túmọ̀ sí ọ̀pọ̀ yanturu. Láti inú ìwọ̀n yìí ni akọ̀wé ọba ti ń mọ iye ọkà tí oko yóò mú wá àti iye owó-orí tí ó yẹ kí àgbẹ̀ san. Nígbà tí omi bá sì ti pa ààlà oko rẹ́, àwọn tí ń na okùn ìwọ̀n a jáde, wọn a tún ilẹ̀ wọ̀n, kí oníkálùkù lè mọ tirẹ̀. N kò sọ pé ọ̀run rere ni Íjíbítì o. Mẹ̀kúnnù ni ó fa òkúta pírámídì, ẹgba akọ̀wé sì ń dún lẹ́yìn àgbẹ̀ tí kò rí owó-orí san. Ohun tí mo ń sọ ni pé, wọn kò fi ọ̀rọ̀ odò àti ọ̀rọ̀ ààlà sílẹ̀ fún ẹnu lásán.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a yíjú sí àwọn tí ó ní ibẹ̀ ni a ti wá. Kì í ṣe ọ̀rẹ́ wa tí ó dìde ní ìpàdé ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá jẹ ní gbèsè, ti kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní 1921 pé ìhà Íjíbítì òkè tàbí Núbíà ni ó dà bí ẹni pé àwọn baba wa ti wá. Ní 1948, Àlùfáà Olumide Lucas gbé ìwé jáde lórí ẹ̀sìn Yorùbá, ó sì kó ọ̀rọ̀ Yorùbá àti ọ̀rọ̀ Íjíbítì jọ ní òkìtì-òkìtì láti fi hàn pé ọ̀kan ni wọ́n. Ní 1954, Cheikh Anta Diop ará Sẹ̀nẹ̀gà gbé tirẹ̀ jáde ní èdè Faransé, ó fa ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú wọ inú ilé Fáráò.

Mo mọ ohun tí ó bí ọ̀rọ̀ náà, n kò sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ayé ìgbà náà, àwọn ọ̀mọ̀wé Òyìnbó ń sọ lójú wa pé a kò ní ìtàn. Ní 1963 pàápàá, Hugh Trevor-Roper, ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn ní Oxford, sọ pé ìtàn àwọn Òyìnbó tí ó wá sí Áfíríkà nìkan ni ó wà, pé òkùnkùn ni ìyókù. Ẹni tí a bá bú báyìí, bí ó bá sáré lọ di mọ́ ẹsẹ̀ pírámídì, a kò lè bínú sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí eré náà gbé wọn dé. Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀ ní 1910. Ó rí iṣẹ́ ọnà wa, ẹwà rẹ̀ bà á lẹ́rù, ó wá ní kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ wa, pé iṣẹ́ àwọn ará Atlantis tí ó ti rì ni, tí ó bá àwọn Gíríkì tan. Gbogbo wa ni a fi í rẹ́rìn-ín lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹni tí ó ní ará Atlantis ni ó ṣe orí Ọlọ́kun, àti ẹni tí ó ní ará Íjíbítì ni ó kọ́ wa ní Ọlọ́run, ọba àti ìlú? Àwọn méjèèjì ń wí ohun kan náà: pé ohun tí ó dára kò lè hù ní ilẹ̀ yìí, àfi bí a bá gbé e wá láti òkèèrè. Ọ̀kan wí i láti bú wa, èkejì wí i láti yìn wá. Èébú náà kò kúrò nínú ìyìn.

Bí ẹnìkan bá ní kí n fi ìgbéraga sílẹ̀ kí n mú ẹ̀rí wá, ó dára. Èdè ni iṣẹ́ tí mo wá kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga yìí, èdè ni n ó sì fi dáhùn. Ọ̀nà tí Àlùfáà Lucas gbà ni pé kí a mú ọ̀rọ̀ kan níhìn-ín, kí a mú òmíràn lọ́hùn-ún, bí wọ́n bá jọra létí, kí a so wọ́n pọ̀. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kò sí èdè tí kò ní bá èdè kejì tan lábẹ́ ọ̀run. Àwọn ará Páṣíà ń pe ohun tí kò dára ní bad, Òyìnbó náà ń pè é ní bad. Àwọn tí ó tọpasẹ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì rí i pé kò sí ohun tí ó pa wọ́n pọ̀. Ìjọra kan ṣoṣo kì í ṣe ìbátan. Ohun tí a ń wò ni ìlànà: bí ìró kan ní èdè yìí ti ń bá ìró kan ní èdè kejì rìn ní gbogbo ìgbà, àti bí egungun gírámà wọn ti tò.

Ẹ wò ó. Èdè Íjíbítì àtijọ́ ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo nínú ọ̀rọ̀ orúkọ. Ìró t ni ó sábà máa ń wà ní ìparí abo. Yorùbá kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀: bàbá mi, "ó dé", ìyá mi, "ó dé", ewúrẹ́ mi, "ó dé". Ṣùgbọ́n àwọn Haúsá ń ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo. Ọ̀rọ̀ tí ará Íjíbítì ń lò fún ikú ni a kọ ní mwt. Haúsá ní mutu. Àwa ní kú. Ìdí rẹ̀ nìyí tí Joseph Greenberg, nínú iṣẹ́ ńlá tí ó gbé jáde ní 1963, fi kó Haúsá àti èdè Íjíbítì àtijọ́ pọ̀ sínú ẹbí kan, tí ó sì fi Yorùbá sínú ẹbí mìíràn. Bí ó bá jẹ́ ilé Fáráò ni a dandan fẹ́ wọ̀, àwọn Haúsá ni kí a lọ bẹ̀ pé kí wọ́n mú wa lọ mọ ẹ̀gbọ́n wọn.

Àwọn wo wá ni ẹbí wa? Etí ni àwa ń pè é. Etí ni Ígálà ń pè é. Ntị ni Ìgbò ń pè é. Ẹ̀ta ni tiwa; ẹ̀ta ni ti Ígálà; atọ ni ti Ìgbò; eha ni ti Ẹ̀dó. Àwọn tí ó jókòó yí wa ká ni ó bá wa tan, kì í ṣe àwọn tí aṣálẹ̀ wà láàárín àwa àti wọn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ èdè sì wo bí àwọn èdè wọ̀nyí ti tò sórí ilẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé agbègbè ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè ti pàdé, ní ìhà Lọ́kọ́ja, ni ó yẹ kí a ti máa wá oríta tí wọ́n ti pínyà. Bí odò ńlá kan bá wà, nígbà náà, tí ó tó kí a pè ní odò bàbá wa, Ọya ni. Kò jìnnà sí wa. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ láàárọ̀ yóò dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹnìkan yóò wí pé, "Ó dára, a kò ti Íjíbítì wá. Ṣùgbọ́n odò wa kò ṣe ohun tí Náílì ṣe." Ọ̀rọ̀ gan-an nìyí. Odò wa ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n a kò kà á. Ní Íjíbítì, omi kan ṣoṣo ni ó wà; ẹni tí ó bá di omi náà mú ti di gbogbo ènìyàn mú. Lọ́dọ̀ tiwa, òjò ń rọ̀ sórí olówó, ó ń rọ̀ sórí tálákà. Ọba wo ni ó lè fi omi há ènìyàn mọ́ níbi tí ìlú kọ̀ọ̀kan ti ní odò tirẹ̀? Ọ̀ṣun dìde ní ìhà Ìgèdè ní Èkìtì, ó gba Òṣogbo kọjá, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ sínú ọ̀sà ní Lẹ́kí. Ẹ̀rìnlẹ̀ ń ṣàn ní Ìlobù, ó lọ wọ inú Ọ̀ṣun. Ọ̀tìn ń ṣàn lẹ́bàá Ìkìrun. Ìdí nìyí tí Íjíbítì fi jẹ́ ìjọba kan tí ó ní odò kan, tí àwa sì jẹ́ ìlú púpọ̀ tí ó ní adé púpọ̀ àti odò púpọ̀. Kì í ṣe pé a kò gbọ́n tó láti ní Fáráò. Ilẹ̀ tí a gbé kò bí Fáráò ni.

Bí aṣálẹ̀ ti ṣe odi fún wọn ni igbó ti ṣe odi fún wa. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, níbi tí Ọ̀yọ́ àtijọ́ wà, ẹṣin lè sáré. Nínú igbó, eṣinṣin tí ń fa ẹ̀jẹ̀ ń fi àrùn pa ẹṣin, igi kò sì jẹ́ kí ẹlẹ́ṣin rí ọ̀nà. Nígbà tí ogun tú àwọn ìlú òkè ká ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìhà etí igbó, láàárín Ọ̀ṣun àti Ẹ̀rìnlẹ̀, ni ọ̀pọ̀ sá wá. Ní nǹkan bí 1840 ni àwọn ọmọ-ogun Ìbàdàn dá àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin dúró ní Òṣogbo. Ní 1878, nínú ogun tí a jà ní Ìkìrun, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń sá padà ni ó bá Odò Ọ̀tìn lọ. Orúkọ ogun náà fúnra rẹ̀ ni Jálumi, wọ́n já lu omi. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí àwọn ìlú wa fi fún mọ́ ara wọn báyìí, tí Ìlobù, Ìfọ́n àti Ẹ̀rìn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbọ́ ìró odó ara wọn, kí ó wo igbó, kí ó wo odò, kí ó wo ogun. Kí ni Náílì fẹ́ sọ fún wa nípa èyí?

Ẹ tún gbọ́ èyí tí ó dùn mí jù. Àwọn baba wa tí a tà lẹ́rú gbé odò wọ̀nyí kọjá òkun. Oxum ni wọ́n ń pe Ọ̀ṣun ní Brazil, Ochún ni wọ́n ń pè é ní Cuba. Ẹ̀rìnlẹ̀, ọdẹ Ìlobù tí ó di odò, Inle ni wọ́n ń pè é ní Cuba títí di òní. Ẹni tí a fi ẹ̀wọ̀n dè ní ọrùn àti ní ẹsẹ̀ rántí odò rẹ̀. Àwa tí a wà ní bèbè rẹ̀, tí a ń fi omi rẹ̀ bọ́jú, odò ẹlòmíràn ni à ń pàtẹ́wọ́ fún.

Ìyá mi àgbà ní àkùrọ̀ kan ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, létí odò kékeré kan. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró tí omi sì fà sẹ́yìn, ilẹ̀ dúdú a jáde ní bèbè, yóò tutù, yóò sì rọ̀. Ibẹ̀ ni ó ń gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú àti ata sí nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí oko òkè ti gbẹ. Owó ẹ̀fọ́ yìí ni ó fi ra ìwé fún mi títí mo fi dé ibí. Igi kan wà tí ó gún mọ́ ẹnu omi. Ó ti fi ọ̀bẹ fín ìlà mẹ́ta sí i lára. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá dé tí omi sì kan ìlà àkọ́kọ́, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹ̀fọ́. Bí ó bá kan ìlà kejì, gbogbo ilé ni yóò jáde, tọmọdé tàgbà, nítorí pé bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, omi yóò ti dé ìlà kẹta, oko yóò sì ti lọ. Ìyá mi àgbà kò gbọ́ orúkọ Íjíbítì rí bí kò ṣe nínú wàásù lórí Ànábì Yúsúfù. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí mo kà nípa ìlà tí wọ́n fín sí òkúta Elephantine, mo pa ìwé náà dé, mo rẹ́rìn-ín, nítorí pé mo ti rí i rí. Kò sí ẹni tí ó ti Íjíbítì wá kọ́ ọ. Omi ni ó kọ́ ọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìjà ilẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ìlú wa. Ilé jóná, ẹ̀mí ṣòfò, ìjọba ìpínlẹ̀ sì kéde kónílé-ó-gbélé ní Ìfọ́n, Ìlobù àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. N kò wá dá ẹjọ́ o, n kò sì ní sọ ẹni tí ó jẹ̀bi, nítorí pé bí a bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé ẹni ni í bá. Ìyá ìyá mi, ọmọ Ìlobù ni. Ìyàwó àbúrò bàbá mi, ọmọ Ìfọ́n ni. Ìbọn tí ó bá dún níbikíbi, ẹkún rẹ̀ yóò dé ilé wa. Ní àkókò náà, ìyá mi àgbà kò lè dé àkùrọ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọjọ́ tí ó padà débẹ̀, ẹ̀fọ́ ti gbó, ata ti rà, ẹnìkan sì ti fa igi alámì náà tu. Ó ṣeé ṣe kí ó ti fi dáná. Kò sunkún. Ó kàn dúró, ó ń wo ojú ihò tí igi náà wà tẹ́lẹ̀, ó ní, "Báwo ni a ó ṣe wá mọ̀ nísinsìnyí?"

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wá síwájú ẹgbẹ́ yìí. Báwo ni a ó ṣe mọ̀? Àwọn ará Íjíbítì tí à ń pè ní baba wa, ọdọọdún ni omi ń pa ààlà wọn rẹ́, ọdọọdún ni wọ́n ń na okùn. Lọ́dọ̀ tiwa, omi kò pa ààlà rẹ́. Àwa fúnra wa ni a ń fi ẹnu pa á rẹ́. Baba tèmi wí báyìí, baba tìrẹ wí bẹ́ẹ̀, a kò sì tíì ní okùn kan tí gbogbo wa jọ di mú. Odò tí ó so ilẹ̀ náà pọ̀ pàápàá ń ṣàìsàn. Àwọn tí ń wa góòlù ní ìhà Ìjẹ̀ṣà ti da omi Ọ̀ṣun rú, ó ti di ẹrẹ̀ pọ́nńkì ní ojúbọ Òṣogbo, igbó tí a sọ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, tí àjọ UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ogún gbogbo ayé ní 2005. Ní 2022, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun ń bọ̀, ìjọba ní láti kìlọ̀ fún àwọn olùjọ́sìn pé kí wọ́n má mu omi náà. Omi tí àwọn ìyá wa ń bù mu láti tọrọ ọmọ! Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí Náílì nínú ìwé ìtàn, gbogbo wa ni ìbá kọ àròkọ lé e lórí.

Àwọn kan yóò ní mo fẹ́ gba ohun ìwúrí lọ́wọ́ ọmọ dúdú. Rárá o. Ará Áfíríkà ni àwọn ará Íjíbítì, iṣẹ́ wọn sì tó ohun tí gbogbo Áfíríkà lè fi yangàn, gẹ́gẹ́ bí mo ti lè fi adé aládùúgbò mi yangàn láìsọ pé èmi ni mo ni ín. Ṣùgbọ́n labalábá fi ara rẹ̀ wé ẹyẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Àti pé Náílì tí à ń kọrin rẹ̀ yìí pàápàá kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́: láti ìgbà tí wọ́n ti parí ìdídò ńlá ti Aswan ní 1970, omi rẹ̀ kò bo oko àwọn ará Íjíbítì mọ́. Àwọn tí ó ni odò náà ti yí ìgbé ayé wọn padà bí odò wọn ti yí. Àwa tí a kò ni ín ni a ṣì dúró ní etí omi tí kò sí mọ́, tí a ń dúró de ìkún rẹ̀.

Kí ni kí a ṣe? Èkínní, mo bẹ ẹgbẹ́ yìí pé kí a má ṣe pàtẹ́wọ́ fún ọ̀rọ̀ méjì tí ó jọra létí mọ́, àfi bí ẹni tí ó mú un wá bá lè fi ìlànà rẹ̀ hàn. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni a wà, kì í ṣe ìdí ayò. Èkejì, kí àwa tí a ń kọ́ èdè lọ sílé ní àkókò ìsinmi, kí a kọ ohun tí àwọn àgbà mọ̀ nípa omi àti ilẹ̀ sílẹ̀: orúkọ gbogbo odò kéékèèké, orúkọ àkùrọ̀ kọ̀ọ̀kan, orúkọ igi tí wọ́n fi ń pa ààlà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún omi tí ó ń bọ̀ àti omi tí ó ń lọ. Mélòó nínú wa ni ó lè ya ọ̀nà tí Ẹ̀rìnlẹ̀ gbà sórí pépà, láti orísun rẹ̀ títí dé ibi tí ó ti wọ inú Ọ̀ṣun? Gbogbo wa sì lè ya Náílì pẹ̀lú ojú dídì. Ẹ̀kẹta, kí ó má jẹ́ ọmọ ìlú kan nìkan ni yóò lọ. Kí ọmọ Ìlobù, ọmọ Ìfọ́n àti ọmọ Ẹ̀rìn jọ lọ, kí wọ́n jọ jókòó ti àgbà kan náà, kí wọ́n jọ kọ ohun kan náà. Mo mọ̀ pé ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kò lè parí ẹjọ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n bá ti jọ di okùn kan mú, ó ṣòro kí wọ́n tó gbé ìbọn sí ara wọn.

Òwe tí a fẹ́ràn jù lọ nínú ẹgbẹ́ yìí ni pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. A pa á ní ìpàdé tí ó kọjá, kí a tó fò lọ sí Íjíbítì. Mo fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ rán yín létí pé òwe náà kò sọ pé kí odò lọ wá orísun odò mìíràn. Ní ìsinmi tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́, n ó gún igi tuntun sí àkùrọ̀ ìyá mi àgbà, òun ni yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fín ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i. Ẹni tí ó bá ní èsì sí ọ̀rọ̀ mi, kí ó kọ ọ́ sí ìwé ìròyìn yìí. Ẹni tí kò bá sì ní, kí ó bá mi lọ sí etí odò.